Èmi Ni Mo Ni Sìgá Tí Wọ́n Rí Lápò Simbi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Ó ti rẹ̀ mí. Ọdún kẹfà rèé tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ, mi ò sọ ọ́ fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Àwọn àlejò kan ń bọ̀ nílé mi lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì fẹ́ bi mí ní ìbéèrè kan nípa ọmọ kan. Àwọn mìíràn ti bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí nípa ọmọ yẹn kan náà, ìdáhùn tí mo fún wọn ló sì ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ̀rọ̀ kí n tó tún la ẹnu mi fún ẹnikẹ́ni.

Peckham ni mò ń gbé. Mo ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún. Nínú àṣàlátù wa, èmi ni Ìyá Àdínì. Tí tọkọtaya bá ń jà, èmi ni wọ́n máa ń pè. Tí ìyàwó ilé kan bá fẹ́ sunkún, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń sunkún sí, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò ní í jáde lẹ́nu mi. Wọ́n ní oníwà tútù ni mí, wọ́n ní n kì í bínú. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Mo máa ń bínú dáadáa. Mo kàn máa ń gbé e mì ni.

Mo sì máa ń mu sìgá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń pariwo níbi tí wọ́n jókòó sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní apá Sydenham. Ìyá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, kò lè tan sìgá fúnra rẹ̀. Èmi ni mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde sínú ọgbà, tí mo máa ń bá a ṣáná sí i. Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n pè mí láti Ìbàdàn pé ọkọ mi, tó ti fẹ̀yìn tì tó sì ti padà sílé, ti gbé ìyàwó tuntun wọlé. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Mo ní kò burú, kí Ọlọ́run jẹ́ kó tura. Nígbà tí mo ti ìyá yẹn jáde lọ́jọ́ kejì, ó wo ojú mi, ó kàn na páálí sìgá rẹ̀ sí mi. Mo mú ọ̀kan. Ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú èéfín yẹn jáde, ó ṣe mí bíi pé mo ti sọ gbogbo ohun tí mi ò lè sọ lórí fóònù. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe rọrùn tó láti fi pamọ́ máa yà yín lẹ́nu. Kì í ṣe pé mo gbọ́n. Ìwà mi ló ń bá mi fi í pamọ́. Pákò kì í kúrò lẹ́nu mi, kí òórùn sìgá lè lọ. Àwọn obìnrin àṣàlátù rí i, wọ́n ní sunna ni mò ń tẹ̀ lé, làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé tí mo bá dé Rye Lane, kí n bá àwọn ra pákò bọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ ń bi mí léèrè nípa ìlera mi lọ́jọ́ kan. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ọtí àti sìgá, ó wo ìbòrí orí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó dá ara rẹ̀ lóhùn, ó ní, "Not you, of course." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ti ní ẹnì kan ń mu sìgá, ẹ mọ irú èèyàn tó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Aláriwo, olóríkunkun, ọmọ tí kò gbọ́ tàgbà. Bẹ́ẹ̀, níbi tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń yọ́ mu sìgá lẹ́yìn ilé ìtọ́jú yẹn, mo rí oríṣiríṣi wa. Ọkùnrin kan wà tó lè fi ọ̀rọ̀ ṣe oúnjẹ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ò lè sọ ju "good morning" lọ. Àwọn kan ń mu ún nítorí pé wọn ò lè jókòó jẹ́ẹ́, àwọn kan ń mu ún kí wọ́n má baà bú ọ̀gá. Èmi ń mu ún nítorí àìlèsọ̀rọ̀. Mo máa ń rò ó pé ká ní mo mọ ìjà í jà ni, bóyá mi ò bá má mọ òórùn sìgá rárá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ Simbi.

Àbúrò mi obìnrin tó ti ṣaláìsí ló bí i. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí, láti kékeré. Big Mummy ló ń pè mí. Tí Simbi bá ń rẹ́rìn-ín lókè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn á mọ̀ pé ó wà nílé. Ó máa ń kun irun rẹ̀ ní àwọ̀ tí mi ò lè dárúkọ. Tí àwọn Uncle bá ń sọ̀rọ̀ tí kò tọ̀nà, á ní, "Uncle, ẹ má bínú o, but that's not fair," ojú gbogbo ilé á sì le. Tí inú bá bí i, gbogbo wa la máa mọ̀. Tó bá sì di ìgbà tí oúnjẹ jinná, ó ti tán, á máa bi mí bóyá ẹran ṣì kù. Kò gbé ohunkóhun mì rí. Ọmọ yìí ò sì mu sìgá rí láyé rẹ̀. Tùràrí tí mò ń jó ní Jímọ̀ gan-an, sísín ló máa ń sín títí tí mo fi máa pa á.

Simbi ní kóòtù òtútù dúdú kan tó ti ń gbó. Nígbà tó ra tuntun, ó fi ti tẹ́lẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó máa ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí òjò bá ń rọ̀. Kóòtù yẹn ni mo máa ń wọ̀ tí mo bá fẹ́ lọ da ìdọ̀tí nísàlẹ̀. Ẹ ti mọ irú ìdọ̀tí tí mò ń lọ dà. Tèmi ni mo ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, mi ò fẹ́ kí òórùn mọ́ ọn lára. Simbi tiẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Big Mummy, this coat is minging. Àwọn tó ń smoke ní staircase yẹn ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní ojú àánú.

Nígbà tó yá, ó rí ọkọ. Wàsíù lorúkọ ọmọkùnrin yẹn, ẹbí rẹ̀ ń gbé ní Stockwell. Ó fẹ́ràn Simbi débi pé tí ọmọ yẹn bá rẹ́rìn-ín, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó mọ ohun tó fà á. Ìyá rẹ̀, Alhaja, ní àwọn á wá ṣèwádìí. Ẹ mọ̀ pé bí a tiẹ̀ dé ìlú òyìnbó, kò ní ká má ṣèwádìí ká tó fọmọ fọ́kọ.

Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe é. Wọn kì í bi ọmọ fúnra rẹ̀, àgbà tó tọ́ ọ ni wọ́n ń bi. Àgbà náà kì í sọ̀rọ̀ ọmọ ní búburú. Tí ọmọ bá dára, á ní, "Ẹ máa mú un lọ, ẹ ò ní í kábàámọ̀." Tí kò bá dára, á ní, "Ẹ jẹ́ ká máa fi àdúrà ràn án lọ́wọ́." Ó parí. Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdúrà yẹn ti tú àfẹ́sọ́nà ká ju èébú lọ.

Alhaja àti àbúrò wọn obìnrin ni wọ́n jọ wá. Simbi ti lọ síbi iṣẹ́, bó ṣe yẹ kó rí. Òtútù mú lọ́jọ́ yẹn, hítà wa sì ti bàjẹ́, a ṣì ń retí àwọn council tó máa tún un ṣe. Mo wà ní kíṣìnì, mò ń bu ọbẹ̀, nígbà tí àbúrò Alhaja mú kóòtù Simbi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi bora. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kí ọwọ́ rẹ̀ lè móoru. Nígbà tí mo gbé àwo jáde, páálí sìgá mi àti láítà mi, tí mo gbàgbé sápò rẹ̀, ti wà lórí tábìlì.

Àbúrò Alhaja ní kí n má bínú, òtútù ló mú òun. Alhaja mú páálí náà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní, "Ìyá Àdínì, ta ló ni kóòtù yìí?"

Mo ní, "Ti Simbi ni."

Wọ́n ní, "Ṣé ó ń mu sìgá ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi. "Èmi ni mo ni ín." Kò gùn, kò le. Mo ro àṣàlátù. Mo ro bí wọ́n ṣe máa máa wo pákò ẹnu mi láti ọjọ́ yẹn lọ. Mo ro ìyàwó tuntun ní Ìbàdàn, bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa dùn mọ́ ọn tó nígbà tó bá gbọ́. Mo gbé e mì, bí mo ṣe ń gbé gbogbo nǹkan mì. Mo gbé àwo kalẹ̀, mo sì ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ ká máa fi àdúrà ràn án lọ́wọ́."

Wọ́n mirí. Wọ́n ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. Ìwà rẹ̀ ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀." Wọ́n jẹun. Wọ́n tiẹ̀ ní ọbẹ̀ mi dùn.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí mo fi ń tan ara mi ni pé mi ò parọ́. Kóòtù Simbi ni lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tí àdúrà ò yẹ. Ẹ ò rí bí àgalámàṣà ṣe pọ̀ lọ́wọ́ oníwà tútù.

Nígbà tí Wàsíù bi Simbi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí. Ó rò pé àwàdà ni. Àwọn ẹbí Wàsíù ní ẹ ò rí i, ojú ò tiẹ̀ tì í. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó pe Alhaja lórí fóònù, ó sì pariwo mọ́ wọn. Wọ́n ní ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ṣé irú ẹni tí kì í mu sìgá ló ń sọ̀rọ̀ báyìí? Bó bá rẹ́rìn-ín, ó jẹ̀bi. Bó bá bínú, ó jẹ̀bi. Ká ní ó sunkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sínú ìborùn ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà á gbọ́.

Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi ní yàrá. Ó ní, "Big Mummy, ẹ bá mi sọ fún wọn. You live with me. Ẹ mọ̀ pé mi ò kí ń smoke." Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́ lójú mi, èmi gan-an ni mo sì wọ́ ọ. Mo fọwọ́ nu ojú rẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù, pé tí Wàsíù bá jẹ́ tirẹ̀, á padà wá.

Wàsíù ò padà wá. Ìyá rẹ̀ ní òun ò lè fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, kò tán síbẹ̀. Simbi jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó ní ẹnì kan ló gbé sìgá yẹn sápò òun. Ó ní ọ̀rẹ́ òun Tóbi ló yá kóòtù náà wọ̀ nígbà kan. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń bọ̀. Tóbi wá sílé mi, ó ń búra lójú mi pé òun kọ́. Simbi ní kó jáde. Mo wà lórí àga, mò ń jẹ pákò. Wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ títí dòní.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó kó lọ sí Kennington, ó gba yàrá kan níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa ti sọ ọ́ ní Simbi onísìgá. Nígbà tí wọ́n bá pè é síbi ìkómọ, àwọn ìyá kan á rọra fa àwọn ọmọbìnrin wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rí i. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ nìyẹn. Irun rẹ̀ di dúdú. Tí Uncle bá sọ̀rọ̀ tí kò tọ̀nà, á wolẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ò dé ẹnu ọ̀nà mọ́, ká má tíì sọ ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Àwọn obìnrin àṣàlátù ní, "Ìyá Àdínì, àdúrà yín ti gbà. Ẹ wo bí Simbi ṣe tutù." Wọ́n kí mi kú oríire. Mo wo ọmọ yẹn bó ṣe jókòó, tó kó ọwọ́ lé itan, tó ń gbé nǹkan mì, ẹ̀rù sì bà mí, torí mo mọ ibi tí irú ìwà tútù bẹ́ẹ̀ ń gbéni lọ.

Mo ti gbìyànjú láti jáwọ́. Nínú Ramadan, n kì í fọwọ́ kàn án ní ọ̀sán, mo kàn ń fi dàbínù ṣínu ni, ìdọ̀tí á sì ti di ohun tí mo gbọ́dọ̀ lọ dà kí n tó kírun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tàbí ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.

Ní báyìí, ọkùnrin kan ti tún fẹ́ fẹ́ Simbi. Núrù ni orúkọ rẹ̀, ó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Sydenham. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n jọ wá kí mi, Simbi sọ nǹkan kan, ọkùnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín, mo sì rí i tí ojú Simbi là díẹ̀. Mo sá wọ kíṣìnì torí kí wọ́n má rí omijé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti dé etí bàbá Núrù. Àgbàlagbà gidi ni wọ́n. Wọ́n fúnra wọn pè mí lórí fóònù, wọ́n ní, "Ìyá Àdínì, a ò fẹ́ gbọ́ ti ará ọjà. Ohun tí ẹ bá ti sọ ni ká gbà." Wọ́n ní àwọn á dé ní Sátidé pẹ̀lú àwọn ẹbí, àti pé kí Simbi náà wà níbẹ̀.

Simbi wá lọ́jọ́ Sunday tó kọjá. Ó jókòó sí kíṣìnì, ó ń bá mi gé ẹ̀fọ́. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Big Mummy, jọ̀ọ́, tí wọ́n bá bi yín, just tell them mo ti stop."

Mo ní, "Kí lo ti stop?"

Ó ní, "Sìgá náà ni."

Mo ní, "Ṣebí o ò mu ún rí."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ bẹ́ẹ̀ sétí rẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé á bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ nígbà yẹn. Kò bi mí. Ó kàn ní, "Mo mọ̀. But nobody's going to believe that one. Tí ẹ bá ní mo ti stop, wọ́n á gbà. It's easier. I'm tired, Big Mummy." Ó sì ń gé ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó ń lọ, ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní gbogbo ẹbí ló sọ̀rọ̀ sí òun nígbà yẹn, èmi nìkan ni kò bú òun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sinmi láti Sunday. Mo ti ń rò ó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tí mo bá ní ó ti jáwọ́, wọ́n á mú un lọ pẹ̀lú ayọ̀. Orúkọ mi ò ní í bàjẹ́, ìgbéyàwó á sì wáyé. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ ni Simbi máa gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ. Ọjọ́ tó bá pariwo, wọ́n á ní sìgá yẹn ló tún ń bá a jà. Ọjọ́ tó bá pẹ́ níta, wọ́n á gbóòórùn aṣọ rẹ̀. Á máa ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ayé nítorí ohun tí kò ṣe.

Tí mo bá sì sọ òtítọ́, mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí. Mo lè gbàgbé àṣàlátù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Simbi? Èmi nìkan ló kù tó gbẹ́kẹ̀ lé láyé. Ṣé kí n pè é kí n sọ ọ́ fún un ní kọ̀rọ̀ kí àwọn àlejò tó dé? Àbí ojú wọn ló yẹ kí n ti sọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ojú àlejò ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́? Tí Núrù bá wá bínú ńkọ́, pé irú ìyá wo ni èyí, tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo máa ti ọkọ kúrò lọ́wọ́ ọmọ àbúrò mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ohun tí mi ò lè fara dà ni pé, tí mo bá ní ó ti jáwọ́ lọ́jọ́ Sátidé, Simbi máa dìde lójú gbogbo wọn, á kúnlẹ̀ sílẹ̀ fún mi, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.